Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kànnàkànnà àkọ́kọ́ fún ọmọ

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí kan máa ń ra ìbọn gidi tó kéré fún ọmọdé. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní Crickett. Lọ́dún 2013, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ọmọ ọdún 5 ṣèèṣì fi irú rẹ̀ pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ fún ọdẹ.

Kànnàkànnà lọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi ń kọ́ ìfojúsùn, òun náà sì gba yíyàn. Igi gúáfà dára, ó le, kì í tètè ya. Kó ti gbẹ dáadáa, kí ìdí rẹ̀ sì ṣe é dì mú fún ọwọ́ ọmọ náà. Rọ́bà inú táyà zémidjan (ọ̀kadà) la sábà máa ń gé. Kí rọ́bà méjèèjì gùn dọ́gba. Ẹ fà á nínú oòrùn kẹ́ ẹ wò ó: bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti ń ya lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Rọ́bà tó bá já, ojú ẹni tó fà á ló ń padà sí. Awọ bàtà àtijọ́ tó fún ibi tá à ń fi ọta sí.

Ọta ńkọ́? Amọ̀ tá a rọ róbótó tó sì gbẹ ni mo fara mọ́ ju òkúta lọ. Bó bá ba ògiri, á fọ́. Ẹ to agolo mílíìkì síbi téèyàn kì í gbà kọjá. (Alángbá ò ní ṣàì jìyà díẹ̀ ṣá.)

Bọ́mọ bá ta á tán, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi pamọ́. Ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ sílé ìwé o.