Báwo Ni Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Ṣe Yẹ Kí Ó Tóbi Tó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi Ìlú Bìní ṣe ibùgbé, tí wọ́n gbà pé ẹni tí kò ní oko lábúlé kò lè gbin ohun tí yóò jẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Ọba tàbí ní ọjà Uselu, nígbà tí koríko ń hù lẹ́yìn ilé wọn.

Kí a fi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Pulọ́ọ̀tì tí ó wọ́pọ̀ ní Bìní jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 ní ìbú àti 100 ní òòró, èyí tí ó tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 929. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kò dín ní gíráàmù 400 lójúmọ́. Fún agbo ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, èyí jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 876 lọ́dún. Àjọ FAO, tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àgbáyé, sọ pé mítà onígun mẹ́rin kan péré lè mú oúnjẹ tí ó tó kìlógíráàmù 20 wá lọ́dún. Bí a bá pín in, mítà 44 ni yóò jáde, ìyẹn ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 24. Kò tó ìdá kan nínú ogún pulọ́ọ̀tì náà. Bí ìtọ́jú kò bá tilẹ̀ ju ààbọ̀ lọ, kí a sọ ilẹ̀ náà di ìlọ́po méjì, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í ṣe iṣu. Ebè iṣu kan a máa gba nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin kan. Ilé tí ó ń jẹ iṣu kan lójúmọ́ yóò nílò ebè 365, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta pulọ́ọ̀tì lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò sì wà á lọ́dún. Ó sàn kí a fi iṣu sílẹ̀ fún àgbẹ̀ oko. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí a bá rẹ́ ṣọkọ, yóò tún rúwé. Ògiri ọgbà ni ẹ̀fọ́ ùgú ń gùn, gbúre kò sì kọ ibòji.

Omi àti ọwọ́ ni ó ń dín ọgbà kù ju ilẹ̀ lọ. Òjò Bìní a máa ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún, ilẹ̀ pupa oníyanrìn ibẹ̀ kì í sì pẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ tó ṣàn lọ. Nítorí náà, kí a gbé ebè sókè, kí a fi ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí i, kí ó má sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí kò lè pọn omi tó kò gbọdọ̀ la ebè púpọ̀. Kí a sì jìnnà sí sàlángá àti omi gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ ayálégbé gba ọgbọ́n. Kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kí ó má sì gbin obì, ọ̀pẹ tàbí ọsàn, nítorí pé lójú àṣà, ẹni tí ó gbin igi ti fẹ́ sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Áḿbọ̀sì ti àlejò. Ẹni tí kò rí àyè rárá lè lo àpò àti ọ̀pọ́n tí a lu nídìí.

Ní ọdún 1976 ni ìjọba pe gbogbo ènìyàn sí iṣẹ́ oko nínú ètò OFN. Àwọn ará Bendel, tí ó di Ẹdó àti Delta ní 1991, gbọ́ ìpè náà pẹ̀lú. Ètò náà ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì wà níbẹ̀. Kí olúkúlùkù fi ebè kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá mọ ìtọ́jú rẹ̀, kí ó fi èkejì kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.