Ìwé Ọjà Pẹ̀lú, Ohun Ìní Ni

Bí a bá bi obìnrin oníṣòwò kan léèrè ohun tí ó ní nínú ìsọ̀ rẹ̀, yóò ka aṣọ, yóò ka abọ́, yóò sì ka owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ. Agbára káká ni yóò fi rántí ohun tí òun nìkan mọ̀: iye tí ó ra ọjà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ń rí i rà ní ẹ̀dínwó, oníbàárà tí ń tètè sanwó àti èyí tí ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, aṣọ tí ó jóná ṣeé rà padà. Ta ni yóò ta ìmọ̀ ọdún mẹ́wàá fún wa?

Àwọn ìyá wa kò ṣàì mọ èyí. Àwọn mìíràn a máa fi èédú fa igi sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fa igi náà nìkan ni ó lè kà á. Nígbà tí àìsàn bá gbé ìyá dè, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jókòó sí ìsọ̀, yóò bá ọjà nílẹ̀, kò ní bá orúkọ àwọn onígbèsè. Àwọn tí ń kúnlẹ̀ kí ìyá tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ìsọ̀ náà mọ́.

Ẹ ra ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ní alaalẹ́, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ọjà, iye tí ẹ rà á, owó ọkọ̀, owó alábàárù, iye tí ẹ tà á àti ẹni tí ó jẹ gbèsè. Owó alábàárù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbàgbé, òun ni ó sì ń jẹ èrè mọ́ wa lọ́wọ́. Owó tí ẹ mú ra ẹran ọbẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́, ìbáà ṣe baálé ni ó ní kí ẹ mú un.

Àǹfààní ìwé yìí kì í hàn lóṣù kìn-ín-ní. Ní ọdún kẹta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tí ń ta aṣọ ọmọdé. Bí ó bá kọ pé ọjà yá ní oṣù kẹfà, tí kò kọ ìdí rẹ̀, ó ti ṣi ara rẹ̀ lọ́nà, nítorí pé Iléyá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ń ṣáájú ti èṣí. Ó bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní ọdún 2023, ọjọ́ 16 ní ọdún 2024, ọjọ́ 6 ní ọdún 2025. Kí ó kọ orúkọ ọdún náà, kí ó sì kọ iye ọ̀sẹ̀ tí ó kù kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí rà. Nígbà náà ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lọ kó ọjà.

Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ẹni tí kò kọ iye tí ó fi kó ọjà rò pé òun ń jèrè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo owó tí ó pa kò tó ra iye ọjà tí ó tà padà.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2020 pàṣẹ pé kí kọ́ńpìnnì pa ìwé ìṣírò owó rẹ̀ mọ́ fún ọdún 6. Òfin náà kò kan ìsọ̀ ẹ̀bá títì, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó ní kí ẹ sun ìwé yín dáná àkàrà.

Fóònù dára fún àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n a ń jí i, ó sì ń já sómi. Kí ẹ̀dà wà nínú àpótí nílé, kì í ṣe lórí tábìlì ìsọ̀ níbi tí ọmọṣẹ́ tí ó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lè ti da orúkọ àwọn oníbàárà yín kọ. Kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà, kí ó sì ti jókòó tì yín nígbà kan rí láti ka ìwé náà.