Rédíétọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jẹ jíà ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò gbé inú jíà rárá. Inú rédíétọ̀ ni ó fi ṣe ilé. Àìmọ èyí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di onígbèsè, àgàgà ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ọkọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ní kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ wa.

A mọ olùkọ́ kan, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, tí ó fi ọdún mẹ́ta dá owó ní ẹgbẹ́ kí wọn tó yá a ní èyí tí ó fi ra Nissan Pathfinder ti ọdún 2006. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin, ìjókòó rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì pariwo. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nígbàkígbà tí ó bá ń gun òkè. Mẹkáníìkì kìíní wí pé pílọ́ọ̀gì ni. Èkejì ní ọ́ìlì jíà ni ó gbó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó bojú wo rédíétọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, jíà kọ̀, ọkọ̀ dúró sójú títì, okùn ni wọ́n fi fà á délé. Títí di òní ni wọ́n ń yọ gbèsè náà nínú owó oṣù ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Nínú ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ọtọmátíìkì, ọ́ìlì jíà a máa gbóná gidigidi, bí kò bá sì rí ibi tútù sí, jíà yóò jó. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ wá ọgbọ́n kan dá. Wọ́n fi páìpù gbé ọ́ìlì náà jáde wá sínú rédíétọ̀, níbi tí wọ́n ti ri ohun kékeré kan sínú omi kí ọ́ìlì lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Omi gba ooru lára ọ́ìlì, ọ́ìlì tí ó ti tutù sì padà sínú jíà. Ọgbọ́n náà dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé irin tín-ín-rín ni ó la àárín ọ̀tá méjì. Bí irin náà bá sán, tàbí tí ó bá dógùn-ún níbi ìsopọ̀ rẹ̀, omi àti ọ́ìlì di ọ̀kan. Nígbà tí a bá sì pa ẹ́ńjìnnì, tí pọ́ǹpù jíà kò fi agbára ti ọ́ìlì mọ́, omi gbígbóná inú rédíétọ̀ ṣì ní agbára tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ó máa ń rọ́ sínú ọ́ìlì. Olówó ọkọ̀ ti wọlé lọ jẹun, kò mọ̀ pé olè ń bẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Inú jíà ọtọmátíìkì kún fún àwọn àwo pẹlẹbẹ tí a fi àtè lẹ ohun kan bí páálí mọ́ lára, èyí tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Omi àti kúláǹtì a máa mú páálí náà rọ̀, wọn a sì máa tú àtè náà. Bí ó bá ti ń ṣí, àjákù rẹ̀ yóò lọ dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà. Ọkọ̀ a máa gbọ̀n nígbà náà.

Kì í ṣe àhesọ ni a ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́. Àwọn tí ó ra Nissan Pathfinder, Xterra àti Frontier tí a ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2010 fi ẹ̀hónú hàn lórí rédíétọ̀ wọn. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ náà fi kún àkókò tí ó fi dúró fún rédíétọ̀ wọ̀nyí, ó sọ ọ́ di ọdún 8 tàbí máìlì 80,000. Nígbà tí ẹjọ́ parí ní New York ní ọdún 2013, ó di ọdún 10 tàbí máìlì 100,000. Àǹfààní náà dára fún àwọn tí a ṣe é fún, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ wa níhìn-ín lónìí, òun nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Nissan nìkan ni a ń bá wí: púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ Toyota tí ó kún ìgboro wa náà ń fi rédíétọ̀ tu ọ́ìlì jíà wọn lára, kò sì sí rédíétọ̀ tí kì í gbó.

Ǹjẹ́ kí ni ènìyàn yóò wò kí ó tó san owó? Ẹ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí ẹni tí ó bá ṣí ọmọrí rédíétọ̀ gbígbóná yóò fi ojú rẹ̀ jìyà. Ẹ wò bóyá ọ́ìlì ń léfòó lórí omi inú rẹ̀, tàbí inú ike tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa géèjì ọ́ìlì jíà yọ. Ní Pathfinder, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de géèjì yìí mọ́lẹ̀, sípánà 10 ni ó ń tú u; ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ní géèjì. Ọ́ìlì tí ara rẹ̀ dá a máa pupa, ó sì mọ́ gaara. Bí ẹ bá rí i tí ó funfun pọ̀ mọ́ pupa, tí ó ki bí ògì tí a bu osùn sí, ọ̀ràn ti dé. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí ó mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó, nítorí ẹni tí ń tà á lè ti pààrọ̀ rẹ̀ lánàá.

Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí rédíétọ̀ tí ó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó má ṣe dúró de àmì kankan. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí ó ra rédíétọ̀ titun. Titun ni a wí o, kì í ṣe àlòkù láti Ládípọ̀ tàbí láti Gate ní Ìbàdàn, tí ó lè jẹ́ ọjọ́ kan náà ni a ṣe òun àti èyí tí a ń yọ. Èkejì, tí ó wù wá jù, ni kí a yọ rédíétọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì jíà pátápátá: kí a ra kúlà ọ́ìlì tí ó dá dúró, tí ó sì tóbi tó, kí a dè é síwájú níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, kí a fi róbà tí a ṣe fún ọ́ìlì jíà gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀ tààrà, kí a sì dí ẹnu méjèèjì tí ó ṣófo lára rédíétọ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, àwọn kan kì í fẹ́ ṣe èyí, nítorí rédíétọ̀ a máa bá wọn mú ọ́ìlì lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀. Àwa kò ní yìnyín tí yóò mú wa ro irú èyí.

A tún ń bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun bíbu omi ẹ̀rọ àti omi kànga sínú rédíétọ̀. Ohun tí ó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú irin dógùn-ún. Kúláǹtì tí a fi omi tí a ti yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ pò, ní ìlàjì sí ìlàjì, ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Bí omi bá ti wọlé ńkọ́? Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́, ìbáà ṣe láti lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á. Ọ́ìlì tí ó wà nínú jíà Pathfinder tó nǹkan bí lítà 10, bí a bá sì ṣí ìdí jíà lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì fọ̀ ọ́. Bí a bá tètè rí i, tí a sì fọ̀ ọ́ léraléra, jíà lè yè. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́, owó jíà mìíràn ni kí olówó ọkọ̀ máa wá.

Àwa kò fẹ́ dá mẹkáníìkì nìkan lẹ́bi. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ máa ń béèrè oníduró méjì àti ìwé owó oṣù kí ẹ tó yá ènìyàn ní owó. Èé ṣe tí ẹ kò fi béèrè ìwé mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yàn, tí yóò sọ irú rédíétọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ náà àti bí ọ́ìlì jíà rẹ̀ ti rí? Kí ẹ sì fi owó kúlà kún owó tí ẹ ń yá wọn. Bí ẹni tí ń ta ọkọ̀ bá kọ̀ kí wọ́n ṣí ọmọrí rédíétọ̀ tàbí kí wọ́n fa géèjì yọ, ẹ má ṣe fọwọ́ sí owó náà.