Rédíò Asọ̀rọ̀gbèsì Nínú Ọkọ̀ Jíìpù, àti Bí A Ti Ń Tò Ó

Ní ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ inú ilé ní ìlú Èkó. Orúkọ tí àwọn baba wa fún àpótí náà bá a mu gẹ́lẹ́: Asọ̀rọ̀mágbèsì. A máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jókòó tì í tilẹ̀ pariwo, kò ní gbọ́.

Rédíò tí a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí yàtọ̀. Òun a máa sọ̀rọ̀, a sì máa gba èsì. Nítorí náà a lè pè é ní Asọ̀rọ̀gbèsì. Irú rẹ̀ tí a ń dì mọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí wọkitọ́kì. Èyí tí a ń tò sínú ọkọ̀ tóbi jù ú lọ, agbára rẹ̀ sì ju tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ọkọ̀ kọ́ bí a ti ń fèsì. Ní ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àṣẹ láti inú rédíò ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè dáhùn àfi bí wọ́n bá wá tẹlifóònù kàn. Ní ọdún 1933 ni àwọn ọlọ́pàá ìlú Bayonne, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní rédíò tí ó lè gbọ́ tí ó sì lè fèsì nínú ọkọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará oko

Jíìpù, èyíinì ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, ni ó ń wọ ọ̀nà oko nígbà òjò. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwọn panápaná ń gùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n ń lọ kò ní nẹ́tíwọ̀kì tẹlifóònù alágbèéká. Bí aboyún bá ń rọbí lóru tí ọkọ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀, tàbí bí iná bá ń jó oko kòkó, rédíò inú ọkọ̀ ni yóò pe ìrànlọ́wọ́. Bí ohùn náà kò bá dé ibi tí a rán an, odi ni ọkọ̀ náà, bí ó ti wù kí ó tuntun tó.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: iye owó tí a fi ra rédíò kọ́ ni ó ń gbé ohùn lọ jìnnà. Bí a ti tò ó sínú ọkọ̀ ni.

Bí ohùn ti ń rìn

Ẹ̀rọ náà a máa sọ ohùn di ìgbì tí ojú kò lè rí, tí ó ń sáré ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ìgbì V.H.F., tí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ń lò, dà bí ìríran ojú. Ọ̀nà tààrà ni ó ń tọ̀. Òkè ńlá a máa dí i, igbó kìjikìji a sì máa fa agbára rẹ̀ mu. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, bí ọ̀pá áńtẹ́nà ọkọ̀ bá ga ní mítà 2, tí ti ilé-iṣẹ́ sì ga ní mítà 30, ohùn lè rìn tó kìlómítà 28 kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó dí i. Ní ilẹ̀ olókè bí Èkìtì tàbí Ìdànrè, ẹni tí ó wà ní àfonífojì lè má dé ìdajì ibẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé ẹ̀rọ atúnrán sí orí òkè, kí ó lè gba ohùn, kí ó sì tún un rán síwájú.

Ọ̀pá áńtẹ́nà

Ọ̀pá yìí ni ẹnu rédíò, òun náà sì ni etí rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú bù. Bí ìgbì tí a fún wa bá jẹ́ 150 mẹgahẹ́ẹ̀sì, ìgbì kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2; ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, èyíinì ni nǹkan bí ìdajì mítà, ni gígùn ọ̀pá tí ó rọrùn jùlọ. Awakọ̀ tí ó bá gé e kúrú kí ó má baà máa kan ẹ̀ka igi, ẹnu rédíò ni ó gé.

Ọ̀pá nìkan kò sì tó. Kọ̀ǹgọ́ kò lè dún bí kò bá sí ojú ìlù. Òrùlé onírin ni ojú ìlù fún ọ̀pá náà, àárín òrùlé ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jùlọ. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn yóò máa lọ sí apá kan ju èkejì lọ.

A gbọ́dọ̀ mọ irú ọkọ̀ tí ó wà níwájú wa. Irin ni òrùlé Toyota Hilux, nítorí náà òòfà lè dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n álúmínọ́mù, bí ti ìkòkò ìdáná, ni wọ́n fi ṣe ara àwọn Land Rover àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1948. Òòfà kò lè mú un. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀pá olóòfà lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò gbé e ṣubú. Lórí Hilux pàápàá, bí ọ̀nà oko ni ọkọ̀ náà yóò máa tọ̀, ó sàn kí a lu ihò kí a sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Kí a ha ọ̀dà kúrò níbi tí ìdí ọ̀pá ti kan òrùlé, kí irin lè kan irin, kí a sì fi rọ́bà dí i kí omi òjò má baà wọlé.

Láti ìdí ọ̀pá, wáyà kan tí ó ní bàbà ní àárín àti àwọ̀n bàbà yíká ni ó ń gbé ìgbì wá sí ìdí rédíò. Kí ilẹ̀kùn má ṣe máa tẹ̀ ẹ́, kí a má sì ṣẹ́ ẹ ní kọ́nú. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, bàbà yóò dípẹtà, ohùn yóò sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pa.

Iná láti inú bátìrì

Àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí a mọ̀ sí réwáyà, a máa fẹ́ fa iná rédíò láti ihò tí a fi ń tan sìgá, nítorí pé ó yá. Kò dára bẹ́ẹ̀. Rédíò tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 25 lè fa áńpù 6 nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Wáyà tín-ín-rín yóò gbóná, iná tí ó dé ọ̀dọ̀ rédíò yóò sì dín kù, bí omi tí ó gba inú páìpù tóóró. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò máa gbọ́ ohùn ilé-iṣẹ́ kedere, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbọ́ tirẹ̀. Yóò tún di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Wáyà tí ó nípọn ni kí a fà láti ìdí bátìrì tààrà, kí a sì fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì, kí ọkọ̀ má baà jóná bí wáyà bá bó. Wáyà dúdú, ní ti ọkọ̀ ìgbàlódé tí ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ṣọ́ bátìrì, ibi tí okùn ilẹ̀ bátìrì ti kan ara ọkọ̀ ni kí a dè é mọ́. Kí a sì wádìí fóòtì bátìrì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lo 12, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń lo 24. Rédíò tí a ṣe fún 12 yóò jó bí a bá so ó mọ́ 24 láìsí ẹ̀rọ tí ń dín in kù.

Ní ti àpótí rédíò fúnra rẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i ni kí a dè é mọ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Kí a má ṣe gbé e sí iwájú báàgì afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde nígbà ìjàǹbá, nítorí yóò di òkò sí ojú ẹni tí ó jókòó níbẹ̀.

Ìdánwò àti ìlò

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ nígbà tí a kò tíì so ọ̀pá mọ́ rédíò. Agbára tí kò rí ọ̀nà jáde lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Lẹ́yìn tí a bá ti so ó, mítà kan wà tí ó ń wọn agbára tí ń padà sẹ́yìn. Bí ó bá fi 1.5 hàn, nǹkan bí 4 nínú 100 ni ó ń padà, èyí sì dára. Bí ó bá fi 3 hàn, 25 nínú 100 ni ó ń padà. Kí a dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tí ó ṣe é.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yan ìgbì fún ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ Nigerian Communications Commission ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, kí ohùn ẹnìkan má baà bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Kí a pa rédíò bí a bá ń ra epo, àti nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta, nítorí ìgbì rẹ̀ lè ta sí ẹ̀tù tí a fi iná mànàmáná tàn. Kí àwọn ọmọdé má sì ṣe fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, nítorí ó lè jó wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú tí ẹ ń retí irú ọkọ̀ yìí, ẹ má ṣe fi dídán ọ̀dà rẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ẹ wo òrùlé bóyá ọ̀pá wà ní àárín. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá fíúsì nítòsí bátìrì. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ sí abúlé tí ó jìnnà jùlọ ní àdúgbò yín, kí wọ́n sì pe ilé-iṣẹ́ láti ibẹ̀. Bí èsì bá dé, ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gbà á. Bí kò bá dé, ẹ ní kí wọ́n tún un tò.