Kòkòrò Orí Igi Páìnì: Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Sípéènì, Ítálì àti gúúsù Faransé la kọ ìwé yìí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré tàbí ajá nílé.

Nígbà òtútù, bí ẹ bá rí ohun funfun tó rí bí òwú lórí ẹ̀ka igi páìnì, ilé kòkòrò ni. Àfòpiná kan, Thaumetopoea pityocampa, ló yé ẹyin sára ewé igi náà nígbà ooru. Òru làwọn ọmọ rẹ̀ ń jáde lọ jẹ ewé. Tó bá wá di nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ilẹ̀, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n máa wọlẹ̀ sí. Ìtò yìí ló ń wu ọmọdé wò.

Ìbátan kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára ilé rẹ̀ ni. Ẹni tó mọ ìyẹn nílé lè rò pé èyí náà ṣeé ká. Kò ṣeé ká o. Irun rẹ̀ tó léwu kò tiẹ̀ hàn sójú. Ó ń já, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó sì ń yúnni bíi wèrèpè. Ilé tó ti ṣófo pàápàá ṣì ní in nínú.

Bó bá kàn yín lára, ẹ má họ ọ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ibẹ̀ kí ẹ ṣí i, kó lè fa irun náà jáde, kí ẹ tó fi omi àti ọṣẹ wẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ yín lọ́tọ̀. Bó bá kó sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bí èémí bá ń há tàbí ahọ́n wú, ẹ pe 112 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ọ̀fẹ́ ni.

Ajá ló ń jìyà jù, torí imú àti ẹnu ló fi ń yẹ nǹkan wò. Ahọ́n rẹ̀ lè kú, kó sì já dànù. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́nu, ẹ má fọwọ́ ra á, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó bóyá á rọlẹ̀.

Bí ilé kòkòrò náà bá wà nínú ọgbà yín, ẹ má fi igi já a, ẹ má sì dáná sun ún; ńṣe lẹ máa tú irun rẹ̀ ká. Ẹ sọ fún onílé tàbí ìjọba ìbílẹ̀. Ní Faransé, láti 2022 ni òfin ti kà á mọ́ kòkòrò tó ń pa ìlera ará ìlú lára. Bó bá jẹ́ ọgbà ilé ìwé ni, ẹ sọ fún olùkọ́ kí àwọn ọmọ tó jáde lọ ṣeré.