Bí fláàṣì kò bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà Linux: Ẹ má ṣe kánjú tẹ 'Format'

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni í le koko. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti rinlẹ̀ tó, ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé nígbà tí fláàṣì oníbàárà bá kọ̀ tí kò ṣí.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣakí ti fi oṣù mẹ́fà kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú fláàṣì kékeré kan ṣoṣo. Ó gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti bá a tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n kì í bọ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jáde lójú kọ̀ǹpútà. Oníṣọ́ọ̀bù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Fláàṣì yìí ti kú o, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì í." Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fi lè gbà, làálàá oṣù mẹ́fà ti wọmi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun kékeré kan ni kọ̀ǹpútà náà kò ní, èyí tí ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti fi kún un.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ayàwòrán tí ó ya ìgbéyàwó ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tí ń ta aṣọ òfì tí ó kó àwòrán oríṣiríṣi aṣọ rẹ̀ sínú fláàṣì láti fi han àwọn oníbàárà tí ó wà lókè òkun, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ni ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí. Láti Òkè-Ògùn dé Ìbàdàn kì í ṣe ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tí ẹ bá lè fi ọwọ́ ara yín ṣe nílé, owó ọkọ̀ àti wàhálà ni ẹ fi pa mọ́.

Ìdí tí Linux fi ń wọ ìgboro

Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè lò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni Ubuntu, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux tí ó gbajúmọ̀ jù, kọ́kọ́ jáde. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀. Linux Mint náà, láti ara Ubuntu ni ó ti yọ.

Ohun tí ó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Linux di ohun tí a ń sọ lóde òní ni pé ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí a ń rà ni kò kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nù lè fi Linux sí i, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí Windows ti mọ́ lára, ibi tí Linux ti kọ́kọ́ máa ń dààmú rẹ̀ ni ibi fláàṣì, kásẹ́ẹ̀tì CD àti háàdì dísìkì tí a ń gbé kiri.

Àlejò dé, yàrá dà?

Lórí Windows, bí ẹ bá ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, yóò gba lẹ́tà tirẹ̀, bíi D tàbí E. Linux kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú Linux, agbo-ilé kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹnu ọ̀nà kan ni a sì ń gbà wọ̀ ọ́. Bí àlejò bá dé, àfi kí wọ́n fún un ní yàrá nínú agbo-ilé náà kí ẹnikẹ́ni tó lè rí i bá sọ̀rọ̀. Fífún àlejò ní yàrá yìí ni wọ́n ń pè ní mount. Lórí Ubuntu àti Mint, abẹ́ fódà tí ń jẹ́ /media ni yàrá náà máa ń wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà àti orúkọ tí fláàṣì náà ń jẹ́. Lórí Fedora, abẹ́ /run/media ni.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí fláàṣì tó ṣí. Èkíní, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ rí i pé àlejò dé. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí àlejò náà ń sọ, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi to fáìlì sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ gbà láti fún un ní yàrá. Bí ẹ bá ti mọ èyí tí kò ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ṣé àlejò ti dé lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí a lè fi ojú rí. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn wa kò mọ́ sí ilé àti aṣọ nìkan, ó máa ń wọ ojú ihò USB pẹ̀lú. Ẹ fẹ́ eruku náà kúrò, kí ẹ sì ki fláàṣì bọ ojú ihò mìíràn. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí tí ó wà lẹ́yìn àpótí rẹ̀ sábà máa ń dára ju èyí tí ó wà níwájú lọ. Bí ó bá jẹ́ háàdì dísìkì ńlá, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀, nítorí pé iná tí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ju ti fláàṣì lọ. Wáyà tí ó ti rẹ̀ kò ní lè gbé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ kọ lsblk -f síbẹ̀, kí ẹ sì tẹ Enter. Kọ̀ǹpútà yóò to gbogbo dísìkì tí ó rí sílẹ̀. Èyí tí ó bá ń jẹ́ sda tàbí nvme0n1 sábà máa ń jẹ́ dísìkì inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Fláàṣì sábà máa ń jẹ́ sdb tàbí sdc, apá tí fáìlì wà nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ sdb1 tàbí sdc1. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ yìí dáadáa, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣi orúkọ mú lè ba dísìkì tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jẹ́.

Bí fláàṣì náà kò bá sí nínú ohun tí ó tò, ẹ yọ ọ́, ẹ kọ sudo dmesg -w, kí ẹ wá kì í bọ̀ ọ́ padà. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí yóò máa jáde lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá jáde rárá, wáyà, ojú ihò tàbí fláàṣì fúnra rẹ̀ ni ó ní àrùn. Bí ẹ bá ń rí I/O error léraléra, ara fláàṣì náà kò yá nìyẹn. Ẹ má tún gbìyànjú ohun mìíràn lórí rẹ̀ ju kí ẹ kó ohun tí ó ṣeé kó jáde.

Ṣé ó gbọ́ èdè rẹ̀?

Bí lsblk bá fi fláàṣì hàn, ẹ wo ohun tí ó kọ sí abẹ́ FSTYPE. Vfat ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára fláàṣì kékeré, Linux sì ti gbọ́ èdè yẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n vfat kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó gígábáìtì 4. Bí fídíò ìgbéyàwó bá kọ̀ tí kò wọlé, kì í ṣe pé fláàṣì bàjẹ́. Ẹrù ni ó ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Exfat ni ó wọ́pọ̀ lára fláàṣì àti káàdì ńlá. Àwọn Linux àtijọ́, bíi Ubuntu 18.04, kò gbọ́ èdè yìí fúnra wọn, nítorí pé ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sínú Linux. Ohun tí wọ́n máa ń kọ nígbà náà ni unknown filesystem type 'exfat'. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ sudo apt install exfat-fuse, ó parí. Èyí gan-an ni ó lè jẹ́ gbogbo àrùn fláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa.

Ntfs ni ti Windows, ibẹ̀ sì ni ìjọ̀ngbọ̀n pọ̀ sí. Láti ìgbà Windows 8, kọ̀ǹpútà Windows kì í kú tán bí ẹ bá pa á. Ó máa ń sùn díẹ̀ kí ó lè tètè jí. Dísìkì tí wọ́n bá yọ lára rẹ̀ láìdágbére lè máa ru àmì pé iṣẹ́ kò tíì parí lórí òun. Bí Linux bá rí àmì yìí, ó lè kọ̀ láti gbà á, tàbí kí ó gbà á fún kíkà nìkan. Ìtọ́jú tí ó dára jù ni kí ẹ dá dísìkì náà padà sórí Windows, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú chkdsk, kí ẹ yọ ọ́ bí ó ti yẹ, kí ẹ sì di Shift mú nígbà tí ẹ bá ń pa kọ̀ǹpútà náà kí ó lè kú tán. Bí kò bá sí Windows nítòsí, sudo ntfsfix pẹ̀lú orúkọ apá náà, bíi /dev/sdb1, lè tún àwọn àṣìṣe kéékèèké ṣe. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ chkdsk.

Kí ló dé tí kò fún un ní yàrá?

Nígbà mìíràn, gbogbo nǹkan pé, kọ̀ǹpútà ni kò kàn ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹ kọ udisksctl mount -b /dev/sdb1, yóò sì sọ fódà tí ó fi í sí fún yín. Bí ó bá kọ̀, yóò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ da gbólóhùn náà kọ sínú ìwé, nítorí pé òun ni ẹni tí yóò ràn yín lọ́wọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè.

Bí ó bá ṣí ṣùgbọ́n tí kò gbà kí ẹ kọ nǹkan sí i, tí ó sì jẹ́ vfat, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì inú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi udisksctl unmount -b /dev/sdb1 gbà á jáde, kí ẹ sì fi sudo fsck.vfat -a /dev/sdb1 tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ káàdì kámẹ́rà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí a fi ń tì í. Fláàṣì tí ó ti gbó púpọ̀ náà a máa ti ara rẹ̀ pa, kò sì sí ìtọ́jú fún ìyẹn ju kí ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ lọ sínú òmíràn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mọ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan wà lórí Windows tí ó máa ń fi fódà pamọ́, tí yóò sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Oníǹkan a rò pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ẹ gbé irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ wá sórí Linux: fódà gidi yóò hàn kedere, nítorí pé Linux kì í ka ìpamọ́ yẹn sí. Ẹ da fódà náà kọ, kí ẹ sì fi ayédèrú sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ 'Format'

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yọ fláàṣì náà, ẹ fi í sápò. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ TestDisk, èkejì rẹ̀ ni PhotoRec. Wọ́n lè wá fáìlì rí lórí dísìkì tí kò ṣí mọ́. Ohun tí wọ́n bá rí, inú dísìkì mìíràn ni kí ẹ kó o sí, ẹ má ṣe kó o padà sínú èyí tí ó ń ṣàìsàn. Fọ́máàtì máa ń sọ fláàṣì di èyí tí ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n fáìlì inú rẹ̀ ni ó fi ń san owó iṣẹ́ náà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni bí a ṣe ń yọ fláàṣì. Bí Linux bá sọ pé òun ti da fáìlì kọ tán, apá kan rẹ̀ lè ṣì wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí kò tíì dé inú fláàṣì. Bí ẹ bá fà á yọ lójijì, tàbí tí iná mànàmáná bá lọ nígbà náà, ibi tí àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ Eject, kí ẹ dúró títí yóò fi ní kí ẹ yọ ọ́. Bí ó bá ní target is busy, ètò kan tàbí Terminal kan ṣì ń lò ó. Ẹ pa ìyẹn dé ná.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sínú fláàṣì kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílé, ẹ fi òmíràn sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé tàbí sínú ímeèlì yín. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà méjì kò ní ìdí láti bẹ̀rù nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá ní fláàṣì rẹ̀ ti kú.