Ẹni Tó Gba Ìṣákọ́lẹ̀ Ló Kọ Orúkọ Àgbẹ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oríkì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá bàbá mi láàárọ̀ kí n tó gba ẹ̀kọ. Ìyá àgbà á pè mí lọ́mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko sí ẹ̀bá odò wa, á ní bàbá náà ga, ó dúdú, kì í sì kúrò lóko bí ebè tó bẹ̀rẹ̀ kò bá tíì parí. Mo mọ bàbá ńlá yìí bí ẹni mọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọdún tí wọ́n bí i, tàbí bí ilẹ̀ tó ń ro ṣe fẹ̀ tó, mi ò ní èsì. Ìyá àgbà náà ò ní. Ohun tó mọ̀ ni pé ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá náà ń kọ́ oko ríro, èyí sì tó fún un.

Nígbà tí mo wá kà nípa bí wọ́n ṣe tọpasẹ̀ àgbẹ̀ kan tó ti Írẹ́lándì lọ sí Amẹ́ríkà, ó yà mí lẹ́nu pé òdìkejì tiwa gan-an ni. Wọ́n mọ ọdún tó gúnlẹ̀. Wọ́n mọ ọkọ̀ tó wọ̀. Kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ó ga tàbí ó kúrú.

Falmouth Kearney ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Joseph, ń rán bàtà ní Moneygall, ìlú kékeré kan ní àgbègbè Offaly. Ní 1845 ni àrùn wọ inú pòtétò ilẹ̀ wọn, pòtétò tí àwọn ọlọ́jà tiwa ṣì ń pè ní Áíríṣì títí dòní. Pòtétò yìí ni oúnjẹ tálákà níbẹ̀. Ìyàn mú fún ọdún bíi mélòó kan, bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, àwọn tó sì wọkọ̀ kúrò ju mílíọ̀nù kan lọ. Francis, ọmọ ìyá Joseph tó ti ń gbé ní Ohio, kú ní 1848, ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún. Joseph kọjá lọ ní 1849. Falmouth tẹ̀ lé e, ó sì gúnlẹ̀ sí New York nínú ọkọ̀ Marmion ní oṣù kẹta 1850, ọmọ ọdún 19. Ọmọ aránbàtà di àgbẹ̀. Ó ro oko ní Ohio, ó kó lọ sí Tipton County ní Indiana, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1878. Mary Ann, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1869, ló bí Ralph Dunham. Ralph bí Stanley. Stanley bí Ann. Ann bí Barack Obama.

Kí Megan Smolenyak, olùwádìí ìtàn ìdílé, tó sọ ìtàn yìí di mímọ̀ ní 2007, ìlú Moneygall ò mọ̀ pé ọmọ wọn kan wà lójú ọ̀nà ilé ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ bàbá: ìwé ìkànìyàn, ìwé ọkọ̀, ìwé ìhágún, títí tó fi dé ìwé ìrìbọmi ìjọ Áńgílíkà ti Templeharry lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moneygall. Orúkọ náà ò dúró lójú kan. Ibì kan kọ Falmouth, ibòmíràn kọ Fulmoth, nítorí ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Ẹni tí wọ́n ti kọ orúkọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ láìfi àmì sí i rí mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ta ló ń kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, kí ló sì fẹ́? Ìbéèrè yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ní Írẹ́lándì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò ní ilẹ̀. Wọ́n ń san ohun tí àwa ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Láti 1823 sí 1838, wọ́n to orúkọ àwọn tó ń ro ilẹ̀ jọ kí wọ́n lè gba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ wọn fún ìjọ Áńgílíkà, kódà lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì tí kì í jọ́sìn níbẹ̀. Láti 1847 sí 1864, Richard Griffith darí ìdíyelé ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè náà nítorí owó orí: ẹni tó ń lo ilẹ̀, ẹni tó fi ilẹ̀ náà yá a, bó ṣe fẹ̀ tó, iye tó tọ́. Ìyàwó ò sí níbẹ̀, ọmọ ò sí níbẹ̀. Ẹni tí yóò san owó nìkan ni wọ́n kọ.

Amẹ́ríkà tilẹ̀ wo inú ọgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1850, 1860, 1870 àti 1880, àwọn akànìyàn gbé ìwé ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ fún àgbẹ̀: éékà mélòó lẹ ti ro, mélòó ló ṣì jẹ́ igbó? Ẹṣin, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, màlúù tí ẹ ń fún wàrà rẹ̀? Àlìkámà, àgbàdo? Bọ́tà wá ńkọ́, pọ́n-ùn mélòó? Ibi bọ́tà yìí ni mo máa ń dúró sí. Lóko bẹ́ẹ̀, obìnrin ló sábà ń po bọ́tà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, ní òǹkà tó péye, lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀.

Iná sì ń jó ìwé. Ní 1921, iná ba ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìkànìyàn 1890 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ní Washington. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà 1922, nínú ogun abẹ́lé Írẹ́lándì, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin bú gbàù. Ìwé ìkànìyàn láti 1821 dé 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán, pẹ̀lú ìwé ìhágún àti ìwé ìrìbọmi tó ju ìdajì ti àwọn ìjọ Áńgílíkà lọ. Ti 1861 sí 1891, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti run wọ́n ṣáájú. Ìwé ìrìbọmi Templeharry bọ́ ní tirẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ tiwa náà wọ inú ìwé ju bí a ti rò lọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà wọlé: ẹnìkan fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìjọ fẹ́ ọkàn wọn. Ìwé fi hàn pé Afala, ìyá Samuel Ajayi Crowther, ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì 1848. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù ni ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Tí ẹnìkan bá ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe tìrẹ, dandan ni kí o dúró níwájú adájọ́, kí o ka ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, ẹni tó jogún rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tó wá gba ibi oko níbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ìtàn ìdílé mọ́ ọ̀nà márùn-ún tí a fi ń fìdí ẹni tó ni ilẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà ń kì fún mi láàárọ̀, akọ̀wé kóòtù lè ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí ìdílé yín bá ti rojọ́ ilẹ̀ rí, kódà bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ̀bi, ẹ lọ wá ìwé ẹjọ́ náà. Ẹ wá a ní kóòtù, ẹ wá a ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ gbé e lọ bá àgbà tó ṣì mọ oríkì nínú ilé, ẹ kà á sí i létí, kí ó sì sọ ibi tí àwọn bàbá yín ti pa irọ́ fún adájọ́.